Owó Ń Lọ Lóṣooṣù, Abẹ́rẹ́ Kò Dé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kúnwó, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó àjẹmọ́nú. Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ti yọ kúrò nínú owó oṣù wa ni, èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé owó oṣù pé ti ìlera ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ní: kí ni owó náà ń rà fún wa?

Arákùnrin wa kan wà ní ẹ̀ka yìí, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń wa ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan náà. A kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó sì ní àna. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ti ń bá a jà lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Nígbà tí yóò fi mọ̀, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà ní àfi kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nígbà tí a lọ kí i, ó fi káàdì adójútòfò rẹ̀ hàn wá, ó ní kí a má ṣe yọ ara wa lẹ́nu, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ owó òun, ọjọ́ tí òun yóò jẹ nínú rẹ̀ ló dé yìí.

Ẹ̀yin ará, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ojú fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń gba owó ní ọsibítù, wọ́n sọ fún un pé HMO ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ fún iye ìgbà kan, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ń bá ẹ̀rọ rìn kò sí nínú ohun tí wọn yóò san. Wọ́n kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà sí ìwé pélébé kan, wọ́n ní kó lọ rà á níta.

Kí ni abẹ́rẹ́ yìí ń ṣe?

Ó yẹ kí a yé ara wa níbí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé oògùn afẹ́ ni. Kíndìnrín kì í ṣe asẹ́ tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan. Òun náà ló ń rán iṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kó máa ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Bí kíndìnrín bá kú, iṣẹ́ tó ń rán náà kú. Ẹ̀jẹ̀ á máa dín kù lára, ó á máa rẹ ẹni náà, á máa mí gúlegúle bí ẹni tó sáré. Ẹ̀rọ lè fọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rán iṣẹ́ yìí. Abẹ́rẹ́ tí à ń sọ, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní erythropoietin, òun ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà dípò kíndìnrín. Ẹni tó gba ẹ̀rọ tí kò gba abẹ́rẹ́ dà bí ẹni tó ra ọkọ̀ tí wọn kò fún ní epo.

Abẹ́rẹ́ ẹlẹgẹ́ sì ni. Inú fíríìjì ló ń gbé, kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín. Ìyàwó arákùnrin wa ló ń lọ rà á ní ìgboro, tó ń fi ọ̀rá oníyìnyín gbé e bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Bí ọkọ̀ bá há sójú ọ̀nà fún wákàtí méjì, tí yìnyín yọ́ tán, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé agbára oògùn náà ṣì pé. Ibi tí owó ti tán, wọ́n fo abẹ́rẹ́ kan, wọ́n fo èkejì. Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń fà sí i lára. Àwa ará ẹ̀ka yìí lọ fún un ní ẹ̀jẹ̀, a sì dá owó lẹ́ẹ̀mejì. Inú wa dùn pé a ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: fìlà tí a fi ń gba owó kiri kì í ṣe adójútòfò.

Nígbà tí a wádìí, ilé iṣẹ́ sọ pé àwọn ti san ìpín tiwọn pátá. HMO ní ọsibítù ni kò kọ bíìlì náà bó ṣe yẹ. Ọsibítù ní HMO jẹ àwọn lówó láti oṣù mélòó kan, pé àwọn kò lè máa fi owó ara àwọn ra oògùn olówó gọbọi kalẹ̀ dè wọ́n. Olúkúlùkù na ìka sí ẹnìkejì rẹ̀. Aláìsàn nìkan ni kò rí ẹni na ìka sí.

Bí wọ́n ṣe ń san owó ni oògùn ṣe ń dé

Ohun tí a rí fà yọ nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, òun sì ni a fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀: kì í ṣe dókítà nìkan ló ń pinnu oògùn tí aláìsàn yóò gbà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san owó oògùn náà ń pinnu.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ètò náà ti rí nílẹ̀ wa. Ọdún 1999 ni wọ́n ṣe òfin tó dá àjọ adójútòfò ìlera NHIS sílẹ̀, oṣù June 2005 ni iṣẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ní ìlànà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, agbanisíṣẹ́ yóò dá 10 nínú 100 owó oṣù ìpìlẹ̀, òṣìṣẹ́ yóò dá 5. Bí ó bá sì di ti oògùn, òṣìṣẹ́ yóò tún san 10 nínú 100 iye rẹ̀ ní ọsibítù. Ní May 2022, òfin tuntun sọ àjọ náà di NHIA, ó sì sọ adójútòfò ìlera di ọ̀ranyàn fún gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà.

Ọ̀nà méjì ni owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọsibítù. Èkínní, wọ́n ń ka orí san án: orí kọ̀ọ̀kan tó bá forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù, wọn yóò san iye kan lóṣooṣù, ì báà wá, ì báà má wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iye náà fi wà ní 750 náírà lórí ẹnìkan, ọdún 2025 ni wọ́n tó gbé e dé 1,450. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ wò ó. Ọsibítù tó ń gba irú owó yìí, bí ó bá fún aláìsàn ní oògùn ibà, kò pàdánù púpọ̀. Bí ó bá fún un ní oògùn olówó ńlá, gbèsè ló jẹ.

Ọ̀nà kejì wà fún àìsàn tó lágbára. Ọsibítù yóò kọ́kọ́ gba kóòdù lọ́wọ́ HMO, yóò tọ́jú aláìsàn, yóò wá kọ bíìlì, yóò sì dúró de owó. Ọsibítù ti san owó oògùn fún ẹni tó tà á fún un, bóyá lójú ẹsẹ̀. Bí HMO bá fi owó falẹ̀, tàbí tó ní kóòdù kò pé, ọsibítù ni yóò gbé gbèsè náà. Ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà náà kò ṣòro láti mọ̀. Wọn yóò ní oògùn ti tán. Wọn yóò kọ ìwé pélébé fún yín pé kí ẹ lọ rà á níta. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní ó tán ni ó tán lóòótọ́.

Ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wá ńkọ́? Fún ọdún púpọ̀, ìgbà mẹ́fà péré ni ètò ìjọba ń san. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni dókítà ní kí wọ́n fọ ọ́. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ètò fi gbé ènìyàn rìn, tó wá sọ ọ́ sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà.

Ní August 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ní àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan, tí UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó, àti ti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta àti Abẹ́òkúta wà lára wọn, iye tí wọ́n ń gbà fún fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò wá láti 50,000 náírà sí 12,000. Ó dára, a sì gbóríyìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò òṣìṣẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìgbà 12 ni lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Ìgbà 12 lọ́nà 12,000 jẹ́ 144,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000. Owó oṣù méjì gbáko kò tó fọ ẹ̀jẹ̀ oṣù kan, a kò sì tíì mẹ́nu kan abẹ́rẹ́, a kò mẹ́nu kan owó ọkọ̀, a kò mẹ́nu kan oúnjẹ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà

Ẹnìkan lè sọ pé àìlówó wa ló fà á, pé ní ilẹ̀ àwọn olówó, ọ̀rọ̀ kò rí báyìí. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà, nítorí abẹ́rẹ́ kan náà yìí ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní 1972, ìjọba wọn ṣòfin pé ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ètò ìlera ìjọba tó ń jẹ́ Medicare yóò gbà á wọlé, bí kò tilẹ̀ tíì di arúgbó. Ní 1989, abẹ́rẹ́ yìí jáde sọ́jà. Medicare gbà láti san án, ṣùgbọ́n lọ́tọ̀ ni wọ́n ń san owó ẹ̀rọ, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń san owó abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ṣe ń gún un sí i ni owó ń wọlé sí i fún ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ lè fojú inú wo ohun tó ṣẹlẹ̀: abẹ́rẹ́ di púpọ̀. Ní 2007, àjọ tó ń mójú tó oògùn níbẹ̀ ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára rẹ̀, pé bí wọ́n bá fi gbé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ga jù, ó lè fa àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú. Láti January 2011, Medicare da owó ẹ̀rọ àti owó abẹ́rẹ́ pọ̀ di iye kan ṣoṣo. Iye abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sì dín kù.

Àwọn dókítà tó ní ọ́fíìsì tara wọn níbẹ̀ náà, àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi owó ra oògùn olówó ńlá tí wọ́n ń gún fún aláìsàn, kí wọ́n tó kọ bíìlì sí Medicare. Láti 2005, ohun tí òfin ní kí Medicare san ni iye tí oògùn náà ń tà ní ìpíndọ́gba, pẹ̀lú 6 nínú 100 rẹ̀ lé e lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò mọ̀ pé 6 nínú 100 oògùn olówó gọbọi kì í ṣe ẹgbẹ́ 6 nínú 100 oògùn olówó pọ́ọ́kú. Dókítà rere pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ètò tó ń fi èrè tó pọ̀ jù sórí oògùn tó wọ́n jù, ẹ̀dá ènìyàn ló ń dán wò.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ owó púpọ̀ tàbí owó díẹ̀ nìkan kọ́. Nígbà tí bíìlì abẹ́rẹ́ ń mú èrè wá lọ́tọ̀, abẹ́rẹ́ pọ̀ jù. Níhìn-ín, níbi tí abẹ́rẹ́ kò ti sí nínú bíìlì rárá, aláìsàn kò rí i gbà. Àṣìṣe méjèèjì, ìdí kan náà ni wọ́n ní: wọ́n ya abẹ́rẹ́ kúrò lára ìtọ́jú tó bá a rìn. Ohun tí Ọlọ́run so pọ̀ nínú kíndìnrín, ìwé owó ló yà á sọ́tọ̀.

Èsúsú kọ́

A mọ ohun tí àwọn HMO yóò sọ. Wọn yóò ní oògùn ẹnìkan lè jẹ owó ọgọ́rùn-ún ènìyàn tán, pé bí àwọn bá ń san irú rẹ̀, owó tí wọ́n ń yọ yóò lọ sókè. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, a kò ní í sẹ́. Bóyá owó náà yóò lọ sókè díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n pé, kí la wá torí ẹ̀ ń dá owó jọ? Ẹrù tí ẹnìkan lè dá gbé, a kì í bẹ ọ̀wẹ̀ sí i. Oògùn ibà àti oògùn orí fífọ́, ọ̀pọ̀ wa lè wá owó rẹ̀ lápò. Ẹrù tó ju agbára ẹnìkan lọ ni a fi ń bẹ ọ̀wẹ̀. Adójútòfò tó ń gbé ẹrù fúyẹ́, tó ń sá fún ẹrù wúwo, kò tíì ṣe ohun tí a torí ẹ̀ pè é.

Àwa òṣìṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí a tún ọ̀rọ̀ ara wa sọ. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé, "N kò lọ sí ọsibítù lọ́dún yìí, wọ́n ti jẹ owó mi gbé." Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú èsúsú, olúkúlùkù ń retí ọjọ́ tí yóò kó tirẹ̀. Nínú adójútòfò, àdúrà wa ni pé kí a má kó o láéláé. Owó yín tí ẹ kò lò, arákùnrin wa nídìí ẹ̀rọ ni ó yẹ kó lò ó. Ìjà wa ni pé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè

Lọ́dún yìí, nígbà tí ẹgbẹ́ bá jókòó pẹ̀lú àwọn alákòóso ilé iṣẹ́ lórí àdéhùn tuntun, a fẹ́ kí nǹkan márùn-ún wà lórí tábìlì.

Èkínní, kí wọ́n fi ìwé àdéhùn HMO hàn wá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kí orúkọ oògùn tí wọn yóò san àti èyí tí wọn kò ní í san wà lára pátákó ìkéde, ní èdè Yorùbá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú iye ìgbà àti iye owó tí wọ́n fi òdiwọ̀n sí.

Èkejì, oògùn tí ìtọ́jú kò lè ṣe láìsí, kí ó wà nínú owó ìtọ́jú náà. Bí wọ́n bá ní àwọn ń san ẹ̀rọ, kí wọ́n san abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ń san ìtọ́jú jẹjẹrẹ, kí wọ́n má ṣe san owó bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n wá sá fún oògùn.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kóòdù. Ní 2025, NHIA pàṣẹ pé kí HMO máa fi kóòdù sílẹ̀ láàárín wákàtí kan. Kí wọ́n kọ ìyẹn sínú àdéhùn wa pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá kọ̀ láti san, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu ojú fèrèsé kò tó.

Ẹ̀karùn-ún, bí oògùn tó wà nínú ètò bá tán ní ọsibítù, tí òṣìṣẹ́ lọ rà á níta, kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún un bó bá ti mú rìsíìtì wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé àánú ni à ń tọrọ. Òfin 2022 sọ ọ́ di dandan, ó sì kan agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ì báà jẹ́ ti ìjọba, ì báà jẹ́ ti aládàáni.

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́, tí ẹ ń gba ọkọ̀ lójoojúmọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ní ètò tiwọn, bí Ìlera Èkó tí òfin ọdún 2015 bí. Bí ẹ̀yin ará gáréèjì bá fẹ́ wọlé, ẹ wọlé lẹ́gbẹẹgbẹ́, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀: oògùn wo ni, ìgbà mélòó ni, ta ni yóò san?

Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ pa ìwé owó oṣù yín mọ́. Ẹ má ṣe ju rìsíìtì nù. Bí wọ́n bá ní oògùn kò sí, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ kọ aago, ẹ kọ orúkọ oògùn, ẹ mú un wá fún akọ̀wé ẹ̀ka. Láti oṣù yìí lọ, a ó ṣí ìwé kan tí a ó máa kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ohùn ẹnìkan ni wọ́n lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí a bá gbé ìwé tó ní àkọsílẹ̀ ogójì ènìyàn síwájú wọn, wọn yóò jókòó gbọ́ wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ sì tètè lọ yẹ ìfúnpá yín wò, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sídìí ọkọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Arákùnrin wa ṣì wà láàyè. Ìgbà méjì lọ́sẹ̀ ló ń lọ sídìí ẹ̀rọ báyìí dípò mẹ́ta, nítorí ohun tí apá ká nìyẹn. Lọ́jọ́ tí a lọ kí i kẹ́yìn, ó bi wá bóyá ọ̀gá ti gba ẹlòmíràn sórí ọkọ̀ òun. A sọ fún un pé ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun tí yóò jẹ́ kó padà sídìí rẹ̀, kí a sì ṣe é kí ó tó kan ẹlòmíràn nínú wa.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa kò ní í dákẹ́. Ẹgbẹ́ wa kò ní í bàjẹ́ o.